Ọmọ́níyì Amùwé, Káfíńtà Tó Mu Sáàmù

Mo ti ṣàlùwàlá, mo ti gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo sì ti fi ahọ́n kan irin, kí ẹ̀sìn kankan má baà sọ pé mo fo òun dá: òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, láti orí dé ìrù. Bí ẹ bá rí irọ́ nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ mú un wá látilé yín. Èmi tí n kò wọ ilé-ìwé kọjá ẹnu ọ̀nà, tí mo sì mọ ìwé ju àwọn tó sùn sínú rẹ̀ lọ, n kì í fi irọ́ ṣòfò tàdáwà.

Ní nǹkan bí ọdún 1931, nígbà tí mọ́tò kò tíì pọ̀ ní Adó, tí ewúrẹ́ ṣì ń dúró lójú títì kí èyí tó bá ń kọjá, káfíńtà kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Ọmọ́níyì. Ọmọ Ìyìn ni, iṣẹ́ ló gbé e dé Adó. Láti ìgbà tí a ti dá igi sáyé, kò tíì sí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tó ọwọ́ Ọmọ́níyì. Bí ó bá fá pákó tán, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú, á sì fi ẹ̀yìn gbalẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn kan fún olóyè kan ní Ìgèdè, ilẹ̀kùn náà máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí àlejò bá dé, ó sì máa ń ti ara rẹ̀ bí olè bá ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í fún ẹnìkan ní gbogbo rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ Ọmọ́níyì bá gbà kì í bọ́. Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ kì í sùn mọ́jú nílé rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ lórin láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, orin ti gba ọ̀nà oko lọ.

Ìyẹn ì bá má jẹ́ nǹkan, bí kò ṣe ti Ẹ̀bùnọlá. Ọmọ Bàbá Ìjọ Akínbọ́lá ni Ẹ̀bùnọlá, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Ọmọ́níyì ní a, b, d lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé bàbá rẹ̀ títí káfíńtà fi mọ̀wé kà, tó sì mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé bí ọ̀kan bá sín, èkejì á dáhùn láti òpin àdúgbò. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ ló ń darí kíláàsì ìtẹ̀bọmi, ó sì ti búra pé ẹni tí a kò bá tíì tẹ̀ bọmi kò ní wọ ilé òun wá tọrọ ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ìtẹ̀bọmi fún ẹni tí kò bá lè ka Òfin Mẹ́wàá, Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àti Sáàmù kan lórí, lójú gbogbo ìjọ, nígbà tí Àlùfáà Olúfúnṣọ́ bá dé láti dán wọn wò lọ́dọọdún.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọmọ́níyì ti kùnà. Ní àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: "Ìwọ kò gbọdọ̀..." Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ kò gbọdọ̀..." Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni n kò gbọdọ̀?" Ní ìkejì, ó da Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ pọ̀ mọ́ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ìjókòó.

Lẹ́yìn ìkejì yìí ni Bàbá Ìjọ pè é sílé.

"Ọmọ́níyì, mo fẹ́ràn rẹ. Àga tí mo jókòó lé yìí, ìwọ lo kàn án. Àmọ́ n kò lè torí àga fi ọmọ fún kèfèrí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí o bá tún kùnà lọ́tẹ̀ yìí, Tíṣà Ọlátúbọ̀sún ti Ìgèdè ti ránṣẹ́ sí mi nítorí Ẹ̀bùnọlá."

"Tíṣà tó ní bàtà méjì yẹn?"

"Ó ti di mẹ́ta," ni Bàbá Ìjọ wí.

Ọmọ́níyì padà sílé, kò lè jẹun. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì, kò rí bàtà kan níbẹ̀.

Àárín ìrònú yìí ni Alfa Nọ́fíù ránṣẹ́ sí i pé kó wá kan wàláà tuntun fún ilé-kéwú òun. Pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ Kùránì sí ni wàláà. Aránṣọ ni Alfa, ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ló ti ń rán fìlà, ibẹ̀ náà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú. Bí Ọmọ́níyì ti gbé wàláà dé ọ̀ọ̀dẹ̀ náà, ó bá wọn tí wọ́n ń mì síwá sẹ́yìn, ohùn wọn ń ru bí ilé oyin. Èdè Lárúbáwá ni, èdè tí bàbá wọn kò gbọ́, tí ìyá wọn kò gbọ́, síbẹ̀ wọn kò wo wàláà, wọn kò ṣì í. Ẹnu ya Ọmọ́níyì, wàláà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mùínátù, ọmọ Alfa, ló gba wàláà náà. Ó ti fẹ́ parí Kùránì nígbà yẹn, wọ́n ti ń múra wòlímọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ẹ pa ẹnu yín dé, eṣinṣin ilé wa kò tíì jẹun."

"Mùínátù, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Ṣe kí ni?"

"Tí kò fi ń jábọ́ lórí yín!"

Mùínátù rẹ́rìn-ín. "À ń mu ún ni."

"Ẹ ń mu kí ni?"

"Tí a bá kọ ọ́ sí wàláà, a ó fi omi ṣan án sínú igbá, a ó gbé e mu. Ó ti wọnú nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì tán síbẹ̀ o, ẹ gbọ́, Bàbá ní..."

Ó ku díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Mùínátù, àmọ́ káfíńtà ti wọlé tọ Alfa lọ.

"Alfa, ẹ jẹ́ kí n máa wá jókòó níbí."

Alfa Nọ́fíù gbójú sókè lára fìlà tó ń rán. "Ṣé o fẹ́ di Mùsùlùmí ni?"

"Mo fẹ́ mọ̀ ni."

"Kí lo fẹ́ mọ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Alfa."

"Jókòó sílẹ̀ nígbà náà," ni Alfa wí. "Ẹni tó fẹ́ mọ gbogbo ẹ̀ kì í béèrè àga."

Bí Ọmọ́níyì ṣe di ọmọ ilé-kéwú nìyẹn, tó sì tún jẹ́ ọmọ kíláàsì ìtẹ̀bọmi. Ìyàlẹ́nu ni ohun tó gbọ́ níbẹ̀. Ó rò pé òun ń lọ sílé àjèjì, ó dé ibẹ̀, ó bá àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ànábì Mùsá wà níbẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ànábì Yúsúfù wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń ṣe ìlara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn jù lọ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ànábì Núhù tó kan ọkọ̀ ojú omi, nítorí káfíńtà bíi tirẹ̀ ni.

"Alfa, igi wo ló fi kàn án?"

Alfa ronú. "Wọn kò sọ fún wa. Igi tó dára ni."

Ó di ọjọ́ Ìsinmi, ó bi Bàbá Ìjọ ní kíláàsì. "Bàbá, igi wo ni Nóà fi kan ọkọ̀ rẹ̀?"

"Igi góférì," ni Bàbá Ìjọ wí, ó sì gbéra ga díẹ̀.

"Ṣé ó ń hù ní Èkìtì?"

"Kò hù ní Èkìtì!"

"Nílé Alfa, wọ́n ní igi tó dára ni. Mo rò pé ìrókò ni."

"Kí lo lọ ṣe nílé Alfa?" Ohùn Bàbá Ìjọ lọ sókè. "Ọmọ́níyì, ìwọ tí ìjókòó kan kò tíì gbà, o tún ń wá èkejì!"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Ẹ̀bùnọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìyìn, ó bi òun náà. Òkè ìlú wọn ni ìyá rẹ̀ ń sìn, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò wọ mọ́sáláásí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá a sọ ọ́ nígbà tó bá ń gúnyán.

"Èyé, àwọn kan ní Kùránì, àwọn kan ní Bíbélì. Kí ni ẹ̀yin ń kà?"

"Ùwé tiwa, inú ni wọ́n kọ ọ́ sí," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń yí iyán. "Òjò kì í pa á, ikán kì í jẹ ẹ́." Ló bá bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé wọn, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ gun òkè náà, ó ń gúnyán, ó ń kì wọ́n, kò ṣi orúkọ kan. Iyán tutù, kò tíì dé orí bàbá tó bí bàbá Ọmọ́níyì.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹnu ni. Ohun tó o bá ń tẹnu mọ́ bó o ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, báwo ló ṣe fẹ́ gbàgbé rẹ? Jẹun."

Ó jẹun, ó gbàgbé ohun tí ìyá rẹ̀ wí. Mo ti sọ fún yín bí orí rẹ̀ ṣe rí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni wọ́n ka ìtàn wòlíì Ìsíkíẹ́lì ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí Olúwa ṣe na ìwé sí i tó ní kó jẹ ẹ́, tí ó sì jẹ ẹ́, tó dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Ọmọ́níyì fò dìde lórí bẹ́ǹṣì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

"Wọ́n jẹ ẹ́!" ló pariwo.

Bàbá Ìjọ fi ojú gún un mọ́lẹ̀, ó jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yé e. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ àṣírí yìí tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn gbàgbé rẹ̀ ni! Ti àwọn Alfa ni wọ́n fi omi ṣan, ti Ìsíkíẹ́lì ni wọ́n jẹ ní gbígbẹ. Ọ̀nà kan náà ni, ikùn kan náà ló ń lọ.

Ó gé igi ọmọ̀, ó fi ṣe wàláà tirẹ̀. Ó yan Sáàmù kìíní, nítorí igi tí a gbìn sétí odò wà nínú rẹ̀. Ó fi ẹfun kọ ọ́ láti fi kọ́ ọwọ́, ó gbé e ti ògiri níbi iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ń fa ayùn, á máa kà á bí àwọn ọmọ Alfa ṣe ń kà, á máa mì síwá sẹ́yìn, á máa fi ohùn kéwú fà á. Bí Sáàmù bá sú u, á kọ Òfin Mẹ́wàá tàbí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, á tún fà á. Kò kà á láti fi mọ̀ ọ́n o. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ mímu ni.

Mùínátù ń kọjá lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ta lẹ ń kéwú fún?"

"Fún Dáfídì." Ọmọ́níyì mú ìgò kan jáde lábẹ́ tábìlì. "Wò ó. Èyí ni màá fi kọ èyí tí màá mu."

Tàdáwà òyìnbó ni, aláwọ̀ aró, èyí tí akọ̀wé kóòtù fún un nígbà tó tún tábìlì rẹ̀ ṣe.

Mùínátù gba ìgò náà, ó gbé e sójú oòrùn. "Ẹ má mu èyí o. Dúdú ìdí ìkòkò àti oje igi la fi ń ṣe tiwa. Èyí, ìwé ẹjọ́ ni wọ́n fi ń kọ."

"Ti Mùsùlùmí ni tiyín. Ẹ̀sìn tó bá òyìnbó wá, tàdáwà òyìnbó ló yẹ ẹ́."

"Ṣé òyìnbó ló bí Dáfídì ni?"

Ọmọ́níyì na ọwọ́. Ó gba ìgò rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ní àárọ̀ náà, ó fi tàdáwà òyìnbó kọ Sáàmù sí wàláà láti òkè dé ilẹ̀, ó ṣan án sínú igbá, ó gbà á mì. Kò dùn bí oyin. Ó dùn bí ìṣó tó dípẹtà. Ó lá etí igbá kí ọ̀rọ̀ kankan má baà ṣẹ́kù, ó wọ ẹ̀wù, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Gbogbo ẹni tó kí i lọ́nà, orí ló fi dá wọn lóhùn, nítorí kò fẹ́ kí Sáàmù tú jáde.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri ń mí. Tíṣà Ọlátúbọ̀sún ti Ìgèdè wà níwájú, bàtà kẹta ló wọ̀, èyí tó ń dún. Àlùfáà Olúfúnṣọ́ pe àwọn kan, wọ́n kà, wọ́n jókòó. Ó wá pe Ọmọ́níyì.

Ọmọ́níyì dìde, ó la ẹnu. "Sà."

Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú ké, ó gba ojú fèrèsé jáde, tòun ti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Eyín Ọmọ́níyì, ètè rẹ̀, ahọ́n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dúdú bí ti ẹni tó lá ìkòkò aró.

"Kí lo jẹ?" ni Àlùfáà bi í.

Ẹ̀bùnọlá, láti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin, ń sọ ọ́ lábẹ́ ohùn: "Sọ pé aró ni! Sọ pé o ń pa aṣọ láró!" Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n Ọmọ́níyì rántí pé òfin kan wà lára mẹ́wàá nípa irọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òfin kan wá sí i lórí láìpè é.

"N kò jẹ nǹkan kan, sà. Mo mu ni."

"Kí lo mu?"

"Sáàmù, sà."

Gbogbo ìjọ na ọrùn.

"Sáàmù wo?" ni Àlùfáà wí.

"Kìíní, sà."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, ti wàláà, ti Ìsíkíẹ́lì, ti igbá. Tíṣà Ọlátúbọ̀sún rẹ́rìn-ín títí bàtà rẹ̀ fi bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ bọ́ sí àárín. "Àlùfáà, ẹ gbọ́ ọ! Ilé Alfa ló ti kọ́ ọ! Ẹ lé e jáde, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀bùnọlá, lọ sílé!" Ẹ̀bùnọlá kò lọ sílé.

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti sáré lọ sọ fún Alfa Nọ́fíù pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa káfíńtà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alfa dé tòun ti abẹ́rẹ́ nínú fìlà, Mùínátù tẹ̀lé e. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kó tó rántí ibi tó wà.

"Alfa, ẹ káàbọ̀," ni Àlùfáà wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó mu Sáàmù?"

"Èmi? N kò mọ̀ pé ó ní Sáàmù nílé."

"Òun ní bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Alfa wo ẹnu Ọmọ́níyì, ó mi orí. "A máa ń mu ún lóòótọ́. Àmọ́ mímu kọ́ ló ń kọ́ni. Ẹni tó bá ti kà á tí kò wo wàláà, tí mo sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun là ń jẹ́ kó ṣan án, kó fi mu ìbùkún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó mu ún, omi ló mu. Ọmọ́níyì, ta ló yẹ̀ ọ́ wò?"

"Mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ yẹn," ni Mùínátù wí, "kò dúró!"

Ọmọ́níyì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè. "Kò sẹ́ni tó yẹ̀ mí wò, Alfa."

Àlùfáà Olúfúnṣọ́ na ìka sókè. "Ó dára. Èmi á yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí mímu rẹ̀, àní lófin Alfa. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, omi aró ló mu, Bàbá Ìjọ á sì ṣe bó ti fẹ́. Ọmọ́níyì, ka Sáàmù."

Ọmọ́níyì wá inú orí rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo Ẹ̀bùnọlá, ojú rẹ̀ ti kún. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń fa ayùn tí kò sí níbẹ̀. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá sẹ́yìn. Nígbà náà ni ohùn dé láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ohùn kéwú pọ́ńbélé, tó fi ń ka Sáàmù! Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fa ti ẹlẹ́ṣẹ̀, ó fa ti ìyàngbò, nígbà tó dé orí igi etí odò, ó fà á gùn débi pé gbogbo igi tó wà ní Adó tẹrí ba. Àwọn Mùsùlùmí tó ń kọjá lójú títì dúró, wọ́n ń dáhùn, "Àmín! Àmín!" Ó ka Òfin Mẹ́wàá mọ́ ọn, ó ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. Wọn kò bi í, ó tún wọ inú ìran tó bí Jésù, bàbá bí ọmọ, ọmọ bí ọmọ, títí Àlùfáà fi fi ọwọ́ bo etí.

"Ó tó! Ó tó! Ọmọ́níyì, irú ohùn wo lo fi kà á yìí?"

"Èyí tó dúró, sà."

Àlùfáà yíjú sí Bàbá Ìjọ. Gbogbo ìjọ yíjú sí Bàbá Ìjọ. Ó wo ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dúdú bí aró, tí òógùn ti bò, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń fa ayùn.

"Ẹni tó lè mu irú nǹkan yìí nítorí ọmọ mi," ló wí níkẹyìn, "kò sí ìyà tí kò ní lè bá a jẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bọmi. Ẹ rì í dáadáa, bóyá ẹnu rẹ̀ á mọ́."

Bàtà kẹta dún jáde, ó gba ọ̀nà Ìgèdè lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ bọmi, Àlùfáà fẹ́ sọ ọ́ ní Dáfídì nítorí Sáàmù. Ọmọ́níyì ní rárá, Nóà lòun fẹ́, káfíńtà ló mọ káfíńtà. Nílé ìyàwó rẹ̀, Nóà ni wọ́n ń pè é. Lọ́ọ̀dẹ̀ Alfa, Núhù. Ìyá rẹ̀ ní Ìyìn kò pe ìkankan, ó ń kì í bó ti ń kì í tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìlú ń pè é ní Amùwé. Ọjọ́ ìgbéyàwó, Alfa Nọ́fíù ló fi ọ̀bẹ kan ọrùn àgbò, kí ti mọ́sáláásí, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti òkè lè jọ jẹ ẹ́ láìsí àwíjàre. Ẹnu ọkọ ìyàwó ṣì ń tàn bí aró lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ó bá aṣọ rẹ̀ mu. Àga ìwàásù tó kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn náà, ìrókò ni. Ó ní góférì ni.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wọ mọ́tò lọ sí Ìgèdè. Mùínátù ọmọ Alfa Nọ́fíù ń bẹ láàyè nílé ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, arúgbó ni, ẹnu rẹ̀ kò tíì kú. Kó bi í pé ta ló gbé ìgò náà sójú oòrùn. Kó má yára dìde kí Mùínátù tó sọ̀rọ̀ tán.